Ta Ni Onílù Ń Bá Sọ̀rọ̀?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo fẹ́ bẹ̀ yín lọ́wẹ̀ kékeré kan. Nígbà tí ariwo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá rọlẹ̀ lálẹ́, ẹ wá orin ìyìn tàbí orin fújì tuntun kan lára èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò inú ilé, irú èyí tó kún inú fóònù àwọn ọmọ yín. Ẹ fi olórin sílẹ̀ ná, kó máa kọrin rẹ̀ lọ. Ìlù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ dẹtí sí, kí ẹ wá sọ fún mi: kí ni ìlù yẹn ń wí?

Èmi ti ṣe é títí ó fi sú mi. Nítorí iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mo ń ṣe, ó ṣòro kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí olórin kan má fi orin ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun kọ nǹkan nípa rẹ̀. Gángan kì í wọ́n nínú wọn. Ọ̀pọ̀ wọn tilẹ̀ máa ń fi í bẹ̀rẹ̀, kí á lè mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ló ń kọrin. Ṣùgbọ́n gángan tó ń sọ̀rọ̀, tí à ń gbọ́ ohun tó ń wí, ìyẹn wọ́n bí ojú. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ariwo lásán ni wọ́n ń pa. Ìlù á bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan, kò ní parí rẹ̀, á tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí orin yóò fi tán.

Bí mo bá wí fún àwọn tó ń gba orin sílẹ̀, àwáwí kan náà ni wọ́n máa ń ṣe. "Ọ̀gá, yàrá wa kéré, máìkì kan ṣoṣo la ní, iná ò sì sí." Mo gbà pé iná ò sí. Ìyókù ni n kò gbà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ohun tí dùndún àti gángan fi ń sọ̀rọ̀. Ìlù kò ní ahọ́n, kò ní ètè. Ohùn nìkan ló ní: ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀, àti bí ohùn ṣe ń yọ́ láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì nígbà tí onílù bá fún ọsán rẹ̀ mọ́ra tàbí tó bá dẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí à ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù. Lẹ́nu ìlù, ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ̀rọ kan bá tẹ ohùn kejì wálẹ̀ díẹ̀ pé òun ń tún un ṣe, ẹni tí à ń kí pé ó jẹ́ ọkọ rere ti di ọkọ̀, bóyá dánfó.

Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìlù ṣe máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: oríkì, òwe, ìkíni, orúkọ ènìyàn. Onílù á sọ ọ́ délẹ̀, etí á bá a parí rẹ̀. Àwọn àgbà ṣì ń rántí ìlù tí ilé iṣẹ́ Rédíò Nàìjíríà fi ń ṣe àmì ìdánimọ̀ láyé ọjọ́un. Orúkọ ilé iṣẹ́ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní kí ìlù máa pè. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohùn bíi tiwa, nítorí náà àwọn ará Ìbàdàn fi ọ̀rọ̀ tiwọn sí i. Wọ́n ní ohun tí ìlù ń béèrè ni pé ta ni yóò jọba bí Olúbàdàn bá wàjà! Bí rédíò ti ń pe ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn ń gbọ́ ọ̀rọ̀ oyè. Ẹ ò rí i pé bí ẹ bá fún ọmọ Yorùbá ní ìlù tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, yóò wá ọ̀rọ̀ sí i fúnra rẹ̀ ni.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ ìgbàlódé ló ba ìlù jẹ́. Irọ́ ni. Ẹ̀rọ ló mú gángan wọ orin jùjú. Nígbà tí Túndé King ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù ní 1936, gìtá-báńjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù jùjú pẹlẹbẹ ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń lò. Bí gángan bá bọ́ sáàárín wọn, ta ni yóò gbọ́ olórin? Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni máìkì àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè dé ọwọ́ àwọn oníjùjú, tí ohùn ènìyàn àti gìtá fi lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù láìkú. Ní nǹkan bí 1948 ni ẹgbẹ́ Àkànbí Wright mú gángan wọlé, láti ìgbà náà ni kò sì ti jáde mọ́. Máìkì ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Ẹ tún wo Hárúnà Ìṣọ̀lá. Ọkùnrin yìí kò fi gìtá sí àpàlà rẹ̀. Agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti ìlù ló tó o. Síbẹ̀, ní 1979, òun kan náà ló kọ́ sítúdíò Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó lè gba ohùn sí ojú ọ̀nà 24 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí kò lo gìtá, ẹ̀rọ kò bà á lẹ́rù. Ẹ fi "Oroki Social Club" ti 1971 sí i kí ẹ gbọ́. Hárúnà kò kánjú, ìlù kò kánjú. Bí ó bá sọ ọ̀rọ̀ kan tó dákẹ́, ìlù á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á fi kún un, bí ẹni pé àgbà méjì jókòó síbi ayò. Bàbá mi ní rẹ́kọ́ọ̀dù yìí, àwa ọmọdé inú ilé kò sì mọ ìtumọ̀ ọ̀pọ̀ ohun tí ìlù ń wí níbẹ̀, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ó ń wí nǹkan.

Ọba Sunny Adé náà ńkọ́? Ní 1982, ilé iṣẹ́ Island gbé àwo "Juju Music" jáde fún gbogbo ayé. Lómè, ní Tógò, ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, Faransé kan tó ń jẹ́ Martin Meissonnier ló sì darí iṣẹ́ náà. Wọ́n gé orin kúrú fún etí òyìnbó, torí pé Sunny tí a mọ̀ nílé lè fi orin kan gba ojú àwo kan látòkè délẹ̀. Ìyẹn kò dùn mọ́ mi nínú, títí di òní. Àwọn ohùn ẹ̀rọ ìgbàlódé kún inú rẹ̀, gìtá tí wọ́n ń jókòó ta náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọwọ́ Ràsákì Aládòkun lórí ìlù. Kò sí ẹni tó fi í ṣe ẹ̀ṣọ́ ara ògiri. Gìtá ń bi í, ó ń dá gìtá lóhùn.

Kí ló wá yàtọ̀ lóde òní? Ohun tó yàtọ̀ ni pé a ti yọ onílù kúrò nínú ìjókòó. Nínú ọ̀pọ̀ sítúdíò inú ilé, onílù kì í sí rárá. Ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà á ṣí FL Studio tàbí irú rẹ̀ mìíràn, á lọ sínú àpótí ègé ìlù tó rà tàbí tó gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, á fa ègé kan síta, á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara rẹ̀ ní ìgbà ọgbọ̀n. Ta ló lù ú? Kò mọ̀. Kí ló ń wí? Kò bi í. Ó bá orin mu, ó parí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí kí n má baà jẹ́ aláìṣòótọ́: n kò bá àwọn tó ń lo log drum jà, ìyẹn ìlù inú orin amapiano tí South Africa fi ta wá lọ́rẹ. Ìyẹn kò ní igi, kò ní awọ, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n bí i sí, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń kì oríkì. Ó ń dùn bí ó ti mọ. Gángan tí wọ́n bó láwọ, tí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dànù, tí wọ́n wá ń pè ní àṣà wa, òun ni mo ń bá wí.

Nígbà mìíràn, wọ́n á ránṣẹ́ pe onílù gan-an, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ṣì máa ń rí. Ní ọdún tó kọjá mo jókòó sí ọ̀kan nínú àwọn sítúdíò yìí ní Ìbàdàn. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, torí pé ọmọ náà gbà mí lálejò dáadáa, ó sì mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ju bí ó ti yẹ lọ. Yàrá kan ní bọ́ìsì kọ́tà ni. Ó lẹ páálí ẹyin mọ́ gbogbo ògiri, ó fi fóòmù ibùsùn kan ti ojú fèrèsé. Bàbá onílù kan, ọmọ Àyàn pátápátá, wá láti ìgboro pẹ̀lú ìyáàlù rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì gbé gúdúgúdú tẹ̀lé e. Wọ́n ní kí ọmọ dúró síta, pé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn yóò gbà wọ́n. Wọ́n fi hẹ́dífóònù bo etí bàbá. Nínú rẹ̀ ni aago kan ti ń ta kó, kó, kó.

Ọmọ náà ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tẹ̀lé aago yẹn. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó fi yín sílẹ̀."

"Aago ni mo wá lùlù fún ni?"

"Rárá o, Bàbá. Màmá olórin ti kọrin tiwọn sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ ó máa gbọ́ ohùn wọn létí."

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Èmi ń gbọ́ wọn. Àwọn ń gbọ́ mi bí?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé bàbá ń ṣàwàdà ni. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bí mo bá kí wọn, ta ni yóò dáhùn?"

Ó lù ú ná, nítorí pé wọ́n ti san owó ọkọ̀ rẹ̀. Aago yẹn kò sì fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń ka lẹ́tà lójú ọlọ́pàá ló ṣe lù ú. Ibi tó yẹ kó fa ohùn díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè yọ́ wálẹ̀, aago ti pè é sí iwájú. Èyí tó tilẹ̀ sá fún aago, ọmọ náà fi kọ̀ǹpútà wọ́ ọ padà sórí ìlà. Mo rí i lójú ẹ̀rọ: gbogbo ìró tò bí àwọn ọmọ iléèwé lórí pápá láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé.

Ẹ jẹ́ kí n yà sọ ti yàrá díẹ̀, torí àwáwí tó kéré kọ́. Ohùn ń rìn ní nǹkan bí 340 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ògiri bá jìnnà sí ìlù ní mítà kan àbọ̀, ohùn á kan ògiri á sì padà dé kí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá tó pé. Etí kò ní gbọ́ ọ bí gbohùngbohùn orí òkè. Yóò kàn dà bíi pé ẹnìkan da omi sínú ohùn ìlù ni. Páálí ẹyin kò lè ṣe nǹkan kan sí i. Ohùn tó ń gbọ̀n ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan gùn ju mítà mẹ́ta lọ. Kí ni páálí tínínrín fẹ́ fi dá a dúró? Fóòmù ibùsùn tó nípọn, tí a fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri, sàn jù ú lọ fíìfíì. Kọ́bọ́ọ̀dù tí aṣọ kún inú rẹ̀ náà sàn jù ú. Mo tilẹ̀ sọ fún ọmọ náà pé pálọ̀ ìyá rẹ̀, tó fẹ̀, tí àga onítìmùtìmù mẹ́fà wà nínú rẹ̀, tí kọ́tìnì bo ojú fèrèsé rẹ̀, sàn ju sítúdíò tó náwó sí lọ. Ó ní ìyá òun ò ní gbà. Àwáwí gidi nìyẹn, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Máìkì kan ṣoṣo náà kì í ṣe àrùn. Shure SM57 ni tirẹ̀, máìkì tó ti wà lọ́jà láti 1965, tí wọ́n fi ń gba ìlù káàkiri ayé. Ibi tó gbé e sí ni kò dáa. Ó tì í mọ́ ojú awọ bí ẹni fẹ́ fún ìlù lóúnjẹ. Ìyáàlù ní saworo yí ojú rẹ̀ ká. Bí máìkì bá sún mọ́ ọn jù, ṣaworo-ṣaworo àti ìró kọ̀ǹgọ́ lára awọ ni yóò gbà, ohùn tó ń sọ̀rọ̀ kò tíì kóra jọ níbẹ̀. Nígbà tí a gbé e sẹ́yìn, bí ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀, tí a sì gbé e sókè díẹ̀ kó máa wo ìlù láti apá òkè, bàbá lu ìkíni kan, èmi tí n kì í ṣe ọmọ Àyàn sì gbọ́ ohun tó wí. Bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo bá wà, ẹ lé wọn lọ sí ẹ̀yìn yàrá, torí pé ohùn wọn mú bí abẹ. Gúdúgúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyáàlù níwájú. Bí ọ̀kan bá pariwo jù, ẹni yẹn ni ẹ ó ní kó sún sẹ́yìn, kì í ṣe bọ́tìnnì. Nígbà tí kò sí ju máìkì kan lọ láyé, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe é.

Kí ẹ sì parí rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà bí ó bá ṣeé ṣe. Awọ mọ ojú ọjọ́. Ọyẹ́ á fà á le, òjò á dẹ̀ ẹ́, ìda tó wà lójú gúdúgúdú pàápàá kì í ṣe bákan náà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ohun tí ẹ gbà ṣáájú òjò kò ní bá èyí tí ẹ gbà lẹ́yìn rẹ̀ mu.

Bàbá ló ní kí wọ́n pe màmá olórin. Ìyá náà wá lọ́jọ́ kejì, ó ṣì wọ aṣọ ọjà, ó ní òun kò ju wákàtí kan lọ. Ọmọ bàbá wọlé pẹ̀lú gúdúgúdú rẹ̀. A ṣílẹ̀kùn nítorí ooru. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di máìkì kejì tí a yá mú, bàbá sì jókòó sí ọ̀kánkán rẹ̀. Kò sí aago, kò sí hẹ́dífóònù. Bí ìyá ṣe kọ ìlà kejì tán, ìyáàlù pe orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ó kí i tìyá-tìyá. Ìyá yíjú sí i. Ó fi ìlà kan sínú orin náà tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí kò kọ sí ìwé kankan, ó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ onílù, ó sì padà sínú orin rẹ̀ láìṣìnà. Orin náà sáré díẹ̀ níbẹ̀. Ta ni kò ní sáré bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ báyẹn?

Mo wo ojú ọmọ tó ni sítúdíò. Inú rẹ̀ dùn, ó tún bà jẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó dùn o, ṣùgbọ́n ìlù ti wọ inú máìkì Màmá. N kò ní lè tún ohùn wọn ṣe lọ́tọ̀ mọ́."

Òótọ́ ló sọ. Bí ohùn ìlù bá ti wọ inú ohùn ènìyàn, Auto-Tune kò mọ èyí tí yóò tún ṣe. Àṣìṣe ọ̀kan di ti gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: inú gbogbo àwo àtijọ́ tí à ń fi yangàn wọ̀nyí, mélòó ni ìlù kò wọ inú ohùn olórin níbẹ̀? Ohùn ìyá yẹn kò sì ní àbùkù tó yẹ ká tìtorí rẹ̀ lé onílù síta.

Orin méjì ló wá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ló gbé jáde, ìyẹn ti aago. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo rí i pé kò tilẹ̀ lo gbogbo rẹ̀. Ó gé ibì kan tó dùn mọ́ ọn nínú ìlù bàbá, ó lẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orúkọ ìyá olórin ni bàbá ń pè níbẹ̀. Ìlù á pè é dé ìdajì, á tún bẹ̀rẹ̀. Fún odidi ìṣẹ́jú mẹ́rin, kò pe orúkọ obìnrin náà tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Èyí tó burú jù kò tíì dé. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹnìkan fi orin mìíràn ránṣẹ́ sí mi, orin tí wọ́n fi ń kí ọkọ ìyàwó. Bí mo ṣe fi í sí etí ni mo gbọ́ ọwọ́ bàbá: ègé kan náà! Ọkọ ìyàwó ń wọlé, ìlù ń pe ìdajì orúkọ ìyàwó ẹlòmíràn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ẹ̀rín náà kò sì dùn.

Mo lọ bá bàbá nílé. Ó ti gbọ́ àkọ́kọ́ nínú ọkọ̀ èrò, ó kò gbọ́ èkejì. Owó tí wọ́n fún un lọ́jọ́ yẹn ni gbogbo owó tó rí. Kò sí orúkọ rẹ̀ lára orin méjèèjì, kò sì sí ẹni tó bi í kí wọ́n tó gbé ọwọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mo sọ fún un pé Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-Ọnà ti 2022 mọ ẹni tó lu ìlù sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lórí ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó ti mọ olórin. Ó gbọ́ mi parí, ó ní agbẹjọ́rò yóò gba iye tó ju iye orin lọ. N kò rí èsì fún ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó kọ́ ló dùn ún jù. Ó ní, "Èmi kì í kí ènìyàn láìparí. Bàbá mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé mo ti gbàgbé orúkọ obìnrin náà ni."

Orin kejì, èyí tí ìyá ti yíjú, ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà ọmọ yẹn ní bọ́ìsì kọ́tà. Mo ti tọrọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní kò tíì mọ́ tó láti gbé jáde.